Ojú Màámi Láti Òkèèrè

Òórùn òrí ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kí n tó la ojú, màámi á ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní mi, á máa fi òrí pa mí lọ́rùn, létí, lẹ́yìn orúnkún, níbi gbogbo tí oòrùn ti lè rí mi mú. Òórùn náà a máa dà pọ̀ mọ́ ti kòkó tí bàámi fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò lẹ́yìnkùlé, kòkó tó ń kan díẹ̀díẹ̀, tó ń rùn bí ọtí tí ẹnì kan gbàgbé sínú agbè. N kì í dúró kí ó pa á tán. Bí ó bá mú apá ọ̀tún, apá òsì á ti máa wá ọ̀nà lọ. "Bọ́sẹ̀, dúró jẹ́ẹ́! Ṣé ìjàlọ ń jẹ ọ́ ni?" Ìjàlọ kọ́. N kò mọ ohun tó jẹ́. Ara mi kì í gba ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi. Á dé akẹtẹ̀ sí mi lórí, á so okùn rẹ̀ mọ́ mi lágbọ̀n, kí ó sì tó dìde dúró mo ti wà lójú ọ̀nà, mo ń sáré lọ sí ilé ìwé tí n kò ti lè rí ohun tí wọ́n ń kọ.

Àfín ni mí. Ní Òdìgbó, kò sí ẹni tó nílò kí n sọ ọ́ fún òun; láti ìsàlẹ̀ òpópónà ni wọ́n ti ń rí mi. Èmi ni n kì í rí wọn. Ẹni tó bá kí mi láti òdìkejì títì, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, n óò kọjá lára rẹ̀, yóò sì lọ sọ fún màámi pé ọmọ rẹ̀ kì í kí àgbà. Ìyá bàámi, arúgbó tí kì í sọ èdè mìíràn ju Ìkálẹ̀ lọ, a máa pè mí ní "ọma mi", a máa gbé mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ mi, torí wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀. Bí ó bá ti yíjú báyìí, màámi á bu iyọ̀ sí i. Ojú mi pàápàá kì í sinmi. Ẹyinjú mi méjèèjì a máa jó, wọ́n á lọ sọ́tùn-ún, wọ́n á bọ̀ sósì, láìjẹ́ pé mo rán wọn níṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò á dúró níwájú mi, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo aago.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ojú ìyá fún yín. Ẹ bá ìyá yín lọ kí ènìyàn, wọ́n gbé oúnjẹ wá, ẹ kọ́kọ́ wojú ìyá. Bí ó bá ṣẹ́jú báyìí, ẹ ó ní ẹ ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń fà yín nífun ya. Èmi kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Màámi ní ọ̀rẹ́ kan ní Ọ̀rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ ní gáréèjì. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú wa, mo máa ń kọjú sí ibi tí màámi jókòó sí. Ohun roboto kan tó dúdú díẹ̀, tí gèlè wà lórí rẹ̀, ni mo máa ń rí. N óò sì na ọwọ́ mú ẹja. Bí a bá délé, ìjà dé. "Ṣé o ò rí ojú mi ni?" N kò rí i, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú líle nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni mo máa ń wí. Mo rò pé àwọn ìyá ọmọ yòókù ti máa ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn láti ilé.

Ní ilé ìwé, pátákó jẹ́ ohun dúdú ńlá kan tí kùrukùru funfun ń kọjá lára rẹ̀. Sìkírátù, ọmọ awakọ̀ Èkó tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ló máa ń ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí, láìjẹ́ kí ètè rẹ̀ mì. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí bí a bá ń jà, kò sí ìwé fún mi lọ́jọ́ náà. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀. N óò dìde láàárín iṣẹ́, n óò rìn lọ bá pátákó, n óò fi imú kàn án, n óò ka ìlà kan, n óò sáré padà wá kọ ọ́, n óò tún dìde. Gbogbo kíláàsì á pariwo: "Ó ti dí wa lójú!" Tíṣà wa, Tíṣà Fọlárìn, ọkùnrin tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létò bí ìlà ebè, kò lè fara dà á. Òun ló sọ mí ní Alárìnkiri. Ó nà mí nítorí rírìn, ó tún nà mí nítorí orí mi, torí mo máa ń tẹ orí sí èjìká òsì bí mo bá ń wo nǹkan. "Gbé orí dúró! Ta lò ń yọjú wò?"

Nígbà tó yá, ó wá bá bàámi nílé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń fi ẹsẹ̀ kan rọ́pò èkejì.

"Bàbá Bọ́sẹ̀," ó ní, "ọmọ yín kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Ẹni tí kò bá lè jókòó, kò lè kàwé. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì kó tó pẹ́ jù."

Bàámi kì í yára sọ̀rọ̀. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù" ni ọ̀rọ̀ tó fi ń bá mi wí lójoojúmọ́. Ó ronú títí, ó ní àbúrò òun obìnrin kan ń dirun ní Omifunfun, òun yóò bá a sọ ọ́. N kò lè rí òwú, n kò lè rí ìlà orí ènìyàn. Kí ni n óò máa di?

Màámi ń yan gààrí lọ́wọ́. Kò dá ọwọ́ dúró. "Tíṣà, ẹ má bínú o," ó ní. "Ọmọ tí kò bá fẹ́ ìwé, inú igbó ló máa ń sá lọ. Ẹ ti rí ọmọ tó ń sá lọ bá pátákó rí?"

Bàámi ní kí n parí sáà náà ná.

N kò mọ bí màámi ṣe wá ìrànlọ́wọ́ fún mi tó, àmọ́ ẹnu oníbúrẹ́dì Ọ̀rẹ̀ yẹn ló ti gbọ́ nípa Àǹtí Dúpẹ́. Olùkọ́ ni obìnrin náà ní ilé ìwé kan ní Ọ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ojú wọn tàbí etí wọn kò pé, a sì máa gun ọ̀kadà kiri àwọn ìletò tòun ti báàgì kan lẹ́yìn. Ó wá sí ilé ìwé wa lọ́jọ́ kan tí òjò ti kọ́kọ́ rọ̀, ó mú mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo rò pé yóò bi mí ní ìbéèrè. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n wo òun, kí n máa yí orí mi díẹ̀díẹ̀, kí n wá ibi tí ojú mi ti ń rọlẹ̀. Mo tẹ orí sí èjìká òsì, mo fa àgbọ̀n sísàlẹ̀ díẹ̀, ni ayé bá dúró.

"Ibẹ̀ yẹn ni," ó ní. "Ibẹ̀ ni ojú rẹ ti ń sinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o gbé orí dúró, sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o tẹ̀ ẹ́."

Tíṣà Fọlárìn wà nítòsí, ó gbọ́. Mo wolẹ̀.

Inú báàgì yẹn ni Àǹtí Dúpẹ́ ti mú pákó pẹlẹbẹ kan jáde tí n óò máa gbé ìwé lé kí ó lè súnmọ́ mi lójú, àti kálámù tí tádà rẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn náà ló wá mú awò olójú kan jáde, irú èyí tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni. Kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, dúdú, ó ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn. Ó ní ilé ìwé àwọn ló ni ín, àwọn yóò yá mi lò títí n óò fi jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo yí sọ́dọ̀ kíláàsì. Ohun tí mo rí ni etí ẹnì kan. Lẹ́yìn náà mo rí àjà. Pátákó kò sí níbì kankan.

Ẹ gbọ́ ìyà tó jẹ mí. Ohun tí wọ́n fún mi kí n má baà rìn kiri mọ́, ìdúró jẹ́ẹ́ ló ń béèrè, nǹkan kan ṣoṣo tí n kò ní. Ibi kékeré ni awò náà ń fi hàn, bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá mí kanlẹ̀, lẹ́tà á sá lọ. Àǹtí Dúpẹ́ ní kí n kọ́kọ́ fi ojú lásán wá ibi tí mo fẹ́ wò, kí n má gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí n wá gbé awò wá pàdé ojú. Kí n fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Kí n ka ìlà kan dópin, kí n gba orí ìlà yẹn padà, kí n tó sọ̀kalẹ̀ sí èkejì. Apá mi á ro mí, orí mi á máa yí, èébì á fẹ́ gbé mi. Lọ́jọ́ kan mo jù ú sórí ẹní, mo ní n kò fẹ́ mọ́, kí wọ́n mú mi lọ sí Omifunfun.

Màámi kò bá mi wí. Ó gbé ìkòkò tí a fi ń se omi kúrò lórí ààrò, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí ìdí rẹ̀ tó dú pátápátá fún èéfín, ó sì rìn lọ sí ìparí àgbàlá. Ó gbé ìkòkò náà sókè. "Kà á!" Mo gbé awò. Mo rí igi ọsàn. Mo rí apá rẹ̀. Mo rí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó bọ́ lọ. "Kà á, Bọ́sẹ̀, apá ń ro mí o!" Nígbà tí mo rí i, mo pariwo débi pé awò já bọ́ lójú mi: "B!" Ó nù ún, ó kọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn gààrí, títí àwọn ará ilé kejì fi ń jáde wá wòran, tí Sìkírátù sì ń fọwọ́ bo ẹnu kí ó má baà sọ ìdáhùn.

Bàámi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó ní, "Mú un wá kí n rí i." Ó gbé e lójú, ó sì yí i sókè sí orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé. "Ẹyìn ti pọ́n lókè yìí, a ò mọ̀!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń yá a lọ́wọ́ mi lọ sí oko kí ó lè wo orí ọ̀pẹ láìgùn ún, èmi á sì máa rìn yí ilé ká títí yóò fi dé, n óò máa rò pé ó lè sọ nù. Ó mú un dé nígbà gbogbo, á dì í sínú aṣọ ní ìṣẹ́po mẹ́rin. Kò dárúkọ irun dídì mọ́.

Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kà lára pátákó láti orí bẹ́ǹṣì, mo ṣì rántí bó ṣe rí: ó burú. Ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà Fọlárìn dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ nínú eérú. Mo yíjú sí Sìkírátù. Ohun tó ti ń kà fún mi láti ọjọ́ yìí nìyí! N kò bú u mọ́ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kà. Màámi ní òun ti sọ ọ́, pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ṣùgbọ́n kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ olójú. Tíṣà Fọlárìn ní tirẹ̀ kò tọrọ àforíjì. Àwọn tíṣà ìgbà yẹn kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní gàdàgbà.

Ọ̀rẹ̀ la ti ṣe ìdánwò àṣejáde. Ilé ìwé tí wọ́n kó wa lọ kò jìnnà sí títì márosẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè, àwọn ọmọ tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, gbogbo ariwo náà ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àwọn òbí dúró lẹ́yìn ọgbà. Àǹtí Dúpẹ́ ti wá láàárọ̀, ó ti sọ fún àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pé n óò lo awò, ó sì ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò dé etí olùṣọ́ ìdánwò tó wà ní yàrá wa.

Wọ́n pín ìwé, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀, olùṣọ́ sì kọ àwọn ìbéèrè tó tọ́ sí ojú pátákó. Mo gbé awò.

"Kí nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ tóbi. "Ìwé ta lò ń wò?" Kí n tó la ẹnu, ó ti bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó ti fi í sápò.

Mo jókòó. Mo gbìyànjú. Kùrukùru funfun yẹn tún dé sára pátákó, àwọn ọmọ yòókù ń kọ, mo ń gbọ́ bí bírò wọn ṣe ń sáré. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dìde wọ́n lè lé mi jáde. Mo sọ ọ́ fún ẹsẹ̀ náà, kò gbọ́. Mo dìde, mo rìn gba àárín gbogbo wọn kọjá, mo lọ dúró síwájú pátákó, mo fi imú kàn án.

"Padà síbi ìjókòó rẹ!"

"Mi ò rí i láti ibẹ̀, sà."

N kò sọ ọ́ fún àgbàlagbà kankan rí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń nà mí nítorí ẹja, nítorí kíkí, nítorí orí, n kò sọ ọ́. Ó jáde lẹ́nu mi, ó sì ga ju bí mo ṣe rò lọ. "Mi ò rí i. Ẹ fún mi ní awò mi, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n dúró síbí."

Ọkùnrin náà wojú mi, ó wo bí ẹyinjú mi ṣe ń jó, ó sì jáde lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tó dé, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Jókòó. Má fi wo ìwé ẹnikẹ́ni."

Mo jókòó. Mo gbé awò, pátákó fò. Mo tún gbé e, ó tún fò. Omi ń bọ̀ lójú mi. Ó kù díẹ̀ kí n ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí n máa sáré lọ sí Òdìgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo kọjú awò sí ojú fèrèsé, bóyá mo ń wá ibi tí n óò gbà lọ ni. Ni mo bá rí ojú kan lẹ́yìn ọgbà.

Màámi ni. N kò rí ojú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn rí. Ojú tí mo mọ̀ ni èyí tó bá súnmọ́ mi nígbà tó ń fi òrí pa mí, èyí tí mo lè fi ọwọ́ kàn. Èyí kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Láti ibi tó wà, ó ti rí mi nígbà tí mo dìde lọ síwájú. Ó rọra di ojú méjèèjì, ó là á, ó sì fa àgbọ̀n sísàlẹ̀. Ó tún ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì yé mi bí ẹni pé ó sọ ọ́ sí mi létí: fara balẹ̀. Ó gbà pé n kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti ń gbà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, lẹ́yìn tí inú bá rọ̀ ọ́, pé ọmọ òun kò rí ojú òun. Síbẹ̀, ó ń fi ojú bá mi sọ̀rọ̀.

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Mo tẹ orí sí èjìká òsì. Mo fi ojú lásán wá pátákó, mo gbé awò wá pàdé rẹ̀, ó sì dúró.

Lórí ọ̀kadà, bí a ti ń padà lọ sí Òdìgbó, mo wà láàárín màámi àti ọlọ́kadà, mo ké sí i nínú afẹ́fẹ́ pé, "Mo rí ojú yín o!"

"Ojú wo?"

"Èyí tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ọgbà."

Mo gbọ́ pé èémí rẹ̀ yí padà lẹ́yìn mi, ó sì fún mi mọ́ra débi pé akẹtẹ̀ mi tẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí a bá tún dé ilé ọ̀rẹ́ mi, tí o bá mú ẹja, kò sí àwáwí mọ́."

Mo yege. N kò yege bí ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin, ṣùgbọ́n mo wọlé sí girama ní Ọ̀rẹ̀, Sìkírátù náà wọlé, Àǹtí Dúpẹ́ sì ní kí n ṣì mú awò náà dání.

Lónìí mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn kan tó ń ra kòkó. Lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà mi tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá lọ lójú fèrèsé fi lè ka ohun tí mo ń kọ sí ọ̀gá mi. Fóònù mi ń ka ìwé sí mi létí. Kò mọ àmì ohùn, ó ń pe orúkọ mi bí ẹni tí ehín ń dùn, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Bí nǹkan bá jìnnà, n óò ya fọ́tò rẹ̀, n óò fi ìka fẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ràn mi níbẹ̀. Wọ́n ní ara mi balẹ̀.

Láìpẹ́ yìí a ṣe ìpàdé, àwọn àlejò wá láti Èkó, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan tan àkọsílẹ̀ sára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Mo fẹ́ mú fóònù. Àlejò kan wò mí, mo dá a padà sínú báàgì. Mo jókòó, mo ń mi orí bí àwọn yòókù ṣe ń mi orí. "Bọ́sẹ̀, ṣé ó yé ọ?" ni ọ̀gá mi bi mí. "Ó yé mi, sà." Kò yé mi. N kò rí ohun kan níbẹ̀ àfi ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi ń jó, mo sì fi èkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìpàdé fi parí.

Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò yẹn kò ní ìdajì ohun tí mo ní lónìí. Ṣùgbọ́n ká ní òun ló wà nínú yàrá yẹn ni, ì bá ti dìde kí wọ́n tó ka ìlà kejì. Ì bá ti ta àga ṣubú, ì bá ti fi imú kan ògiri, ẹ̀rọ náà ì bá máa tan lẹ́tà sí i lẹ́yìn, àwọn àlejò Èkó ì bá sì ka ìyókù lára aṣọ rẹ̀.